Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Ilé Ń Dì Fún Ọmọ Kó Tó Jáde Lọ Wáṣẹ́

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ìdílé tó ń san owó orí tó pọ̀ jù nílùú Florence, ní ilẹ̀ Ítálì, lọ́dún 1427, orúkọ wọn ṣì wà láàárín àwọn tó ń rí owó jù nílùú náà lọ́dún 2011? Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Guglielmo Barone àti Sauro Mocetti, ló kó ìwé owó orí àtijọ́ jáde, tí wọ́n fi orúkọ inú rẹ̀ wé ti òde òní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 ọdún tó wà láàárín ìwé méjèèjì. Ogun jà, àjàkálẹ̀ àrùn wọlé, ìjọba kan lọ, òmíràn dé, àwọn orúkọ náà kò kúrò lókè.

Ṣé o mọ̀ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà àtidi dókítà fi ìlọ́po 24 là fún ọmọ dókítà ju bó ṣe là fún ọmọ ẹlòmíràn lọ? Ó wà nínú ìwé The Class Ceiling tí Sam Friedman àti Daniel Laurison kọ, èyí tó jáde lọ́dún 2019.

Ṣé o mọ̀ pé ní Kánádà, nínú ọ̀dọ́kùnrin 100, nǹkan bí 40 ló ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí bàbá wọn náà ti ṣiṣẹ́? Miles Corak àti Patrizio Piraino ló tọpa wọn. Bí owó bàbá bá ṣe pọ̀ tó ni iye yìí ń ròkè sí i. Kánádà mà nìyẹn, níbi tí ìwé ẹ̀rí àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti ń jọba. Àwa tí a máa ń wí pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yé wa tètè.

Ọ̀pọ̀ á sọ pé owó ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tí bàbá rẹ̀ bá lówó, ọ̀nà rẹ̀ ti là. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ìtàn mẹ́ta kí o tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 1832, ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà fi tẹ́tẹ́ pín ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Cherokee? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọkùnrin aláwọ̀ funfun tó ń gbé ìpínlẹ̀ náà ló kópa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde di onílẹ̀. Hoyt Bleakley àti Joseph Ferrie wá ọmọ àwọn tó jẹ àti ọmọ àwọn tí kò jẹ kàn nínú ìwé ìkànìyàn. Àwọn ọmọ tí bàbá wọn jẹ ilẹ̀ kò lówó ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì mọ̀wé jù wọ́n lọ. Owó òjijì wọ ilé, àmọ́ nígbà tó fi máa kan ọmọ, kò sí ohun tó yàtọ̀.

Wàyí o, ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí owó bọ́ lọ́wọ́ wọn? Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí lọ́dún 1865, wọ́n tú àwọn ẹrú sílẹ̀, ọrọ̀ àwọn olówó ẹrú ní gúúsù sì fò lọ lọ́gán. Ọmọ Áfíríkà tí wọ́n jí gbé àti àtọmọdọ́mọ wọn ni ohun tí wọ́n ń pè ní ọrọ̀ yẹn, ọmọ èèyàn tí wọ́n ń ṣírò mọ́ ẹran ọ̀sìn, ẹ̀dùn ọkàn ló sì jẹ́ láti kọ ọ́. Philipp Ager, Leah Boustan àti Katherine Eriksson tọpa ìdílé àwọn olówó ẹrú náà. Nígbà tó fi máa di 1900, àwọn ọmọ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹgbẹ́ tí kò pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1940, ti àwọn ọmọ-ọmọ ti dọ́gba pátápátá. Owó lọ, ojúlùmọ̀ kò lọ. Wọ́n mọ ẹni tó máa gba ọmọ wọn síṣẹ́, wọ́n sì mọ ilé tí wọ́n ti máa fẹ́yàwó. Àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú kò ní ẹyọ kan nínú méjèèjì, kò sì sí ẹni tó san owó iṣẹ́ ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti ṣe fún wọn.

Ìtàn kẹta wá láti Ṣáínà. Ìjọba Mao gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówó ìgbà náà, wọ́n pín in fún mẹ̀kúnnù. Nígbà rúkèrúdò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1966, wọ́n ti ilé ìwé pa kí ọmọ olówó má baà fi ìwé gòkè padà. Ṣé o mọ̀ pé lónìí, ọmọ-ọmọ àwọn olówó ayé ìgbà yẹn ń rí owó tó fi ìdá 16 nínú 100 ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ? Àwọn bàbá wọn kò rí owó kankan jogún, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì rí ilé ìwé lọ. Ohun tí wọ́n bá nílé ni ìhùwàsí sí iṣẹ́ àti ìwé, àti ọ̀rọ̀ tí àgbà ń sọ sí wọn létí lójoojúmọ́.

Lójú tèmi, ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi hàn pé ohun tó wúwo jù tí ilé ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ ni ìmọ̀ ọ̀nà àti èèyàn. Ta la ń bá sọ̀rọ̀? Fọ́ọ̀mù wo ló jáde, ọjọ́ wo ló ń parí? Báwo la ṣe ń jókòó níwájú ọ̀gá tó ń fọ̀rọ̀ wá ni lẹ́nu wò? Bí nǹkan bá bàjẹ́, ilé ta la máa sùn sí? Ọmọ tó bá rí ìdáhùn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí nídìí tábìlì oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọ̀gá máa ń rí ilé lára èèyàn lórí bébà lásán? Lauren Rivera àti András Tilcsik fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì lọ́yà 316 ní Amẹ́ríkà, tí ìwádìí wọn sì jáde lọ́dún 2016. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà, máàkì kan náà, ìrírí kan náà ló wà nínú gbogbo ìwé náà. Orúkọ àti eré ìgbádùn wà lára ohun tí wọ́n yí padà: àwọn kan ní àwọn máa ń wa ọkọ̀ ojú omi, àwọn máa ń gbá pólò lórí ẹṣin, àwọn mìíràn ní bọ́ọ̀lù àti eré sísá làwọn ń ṣe. Ọkùnrin tí ìwé rẹ̀ ń rùn bí ilé olówó ni wọ́n pè jù. Iye ìgbà tí wọ́n pe òun nìkan ju ti ọkùnrin ilé tálákà, obìnrin ilé olówó àti obìnrin ilé tálákà tí a bá rò wọ́n pọ̀ lọ.

Ká tilẹ̀ ní ọmọ tálákà wọlé. Ṣé o mọ̀ pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ òṣìṣẹ́ lásán tó bá dé ipò lọ́yà, dókítà tàbí ọ̀gá báńkì ń gba owó tó fi ìdá 16 nínú 100 kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wá láti ilé ńlá? Nínú ìwé Friedman àti Laurison náà ló wà: nǹkan bíi £6,400 lọ́dún kan. Lára ohun tó fà á ni pé ọmọ tó ní ilé lẹ́yìn lè dúró de iṣẹ́ tó dára, ó lè gbé Lọ́ńdọ̀nù níbi tí owó ilé ti wọ́n, ó sì lè gba iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré lónìí àmọ́ tí iwájú rẹ̀ dára.

Wo èyí nílé wa. Àgùnbánirọ̀ méjì parí sìnrúùlú lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan ní yàrá nílé bàbá rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń bọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ń retí owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè fi odindi ọdún kan wá iṣẹ́ tó fẹ́. Èkejì ní àbúrò mẹ́ta tó ń retí owó ilé ìwé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó bá yọjú ni yóò mú. Ní ọdún kẹwàá, àwọn aládùúgbò á máa sọ pé ẹni àkọ́kọ́ ló gbọ́n, pé òun ló ní sùúrù.

Ní ti sùúrù, ṣé o rántí ìdánwò àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé súwíìtì kan síwájú wọn, tí wọ́n ní bí wọ́n bá lè dúró, wọ́n á gba méjì? Walter Mischel ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn oníwàásù àti olùkọ́ sì ti ń fi kọ́ni pé ọmọ tó bá ní ìkóra-ẹni-níjàánu ló ń ṣe rere. Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2018, Tyler Watts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wò lára ọmọ tó ju 900 lọ? Nígbà tí wọ́n ṣírò irú ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá mọ́ ọn, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ìdánwò náà pòórá.

Kí á bọ́ sí Èkó àtijọ́. Ṣé o mọ̀ pé Herbert Macaulay, tí wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà ní Plymouth láàárín 1890 sí 1893, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni wọ́n? Bàbá wọn, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1859, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bá mi lọ sẹ́yìn sí i. Lọ́dún 1821, wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn nígbà tó ṣì kéré. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní Sàró, kò ní bàbá níbẹ̀, kò ní ilẹ̀, kò ní owó. Ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì ló gbà á. Láti orí ọmọ kan tí àwọn àjèjì kọ́ níwèé, ìdílé náà ti ní bíṣọ́ọ̀bù, olùdásílẹ̀ ilé ìwé àti ẹnjiníà láàárín ìran mẹ́ta.

Ṣé o mọ̀ pé Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1933, àti Peter Thomas, ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ́físà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1942, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n? Oníṣòwò pàtàkì ni bàbá wọn ní Èkó.

Kofoworọlá Moore, tí a wá mọ̀ sí Lady Adémọ́lá, gboyè ní Oxford lọ́dún 1935, àwọn ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni wọ́n. Lọ́yà ni bàbá wọn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí bàbá wọn kú lọ́dún 1920 nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 11, ń ṣẹ́gi, wọ́n ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kí wọ́n tó rí owó ilé ìwé san. Wọ́n pé 37 ọdún kí wọ́n tó di lọ́yà lọ́dún 1946. Ṣírò ọdún tó wà láàárín 22 àti 37, kí o sì bi ara rẹ bóyá ọpọlọ ló fà á.

Ní ti àkókò tiwa, ṣé o mọ̀ pé nígbà tí òfin owó ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọmọ tí owó tó ń wọlé sílé wọn kò tó ₦500,000 lọ́dún nìkan ni wọ́n ní kó wá yá a? Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà tún ní kí ọmọ náà mú onídùúró méjì wá, ó kéré tán: òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò rẹlẹ̀ ju ipele 12 lọ, tàbí lọ́yà tó ti lo ọdún 10 nídìí iṣẹ́, tàbí òṣìṣẹ́ kóòtù tó jẹ́ adájọ́, tàbí ẹni tí ìjọba fi joyè onílàjà. Ọmọ àgbẹ̀ ní Ṣakí tàbí ọmọ alágbàfọ̀ ní Mushin, níbo ló ti máa rí lọ́yà ọdún mẹ́wàá tó máa buwọ́ lùwé fún un? Wọ́n fi ohun tí tálákà kò ní ṣe kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ́ fún tálákà. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹrin ọdún 2024 yọ onídùúró kúrò, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé inú ilé kan náà pàápàá, ipò àwọn ọmọ kì í dọ́gba? Ní Norway, Sandra Black, Paul Devereux àti Kjell Salvanes rí i lọ́dún 2005 pé bí ọmọ bá ṣe jìnnà sí àkọ́bí tó ni ìwé rẹ̀ ń kéré sí. Ní Ecuador, òdì kejì ni: àkọ́bí ló ń kẹ́yìn nínú ìwé, nítorí òun ni wọ́n ń fà síṣẹ́ kí àwọn àbúrò lè kàwé. Mélòó nínú wa ni kò mọ ẹ̀gbọ́n kan tó fi ilé ìwé sílẹ̀, tó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, kí àwọn tó kù lè dé yunifásítì? Nígbà ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, àga ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbé fún un. Iwájú ló yẹ kó jókòó.

Ju ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti ju ọdún 25 lọ tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ló ní dígírì, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni gbogbo ará Amẹ́ríkà. A máa ń fi èyí yangàn, ó sì tọ́ kí inú wa dùn. Àmọ́ ọ̀nà físà ti sẹ́ wọn kí wọ́n tó wọkọ̀ òfurufú: ẹni tó ti kàwé, tó lè san owó ìdánwò àti owó ọkọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, ọmọ inú ìdílé olówó jù, ìyẹn ẹnì kan nínú 100, fi ìlọ́po 10 ṣeé ṣe kó di olùpilẹ̀ṣẹ̀ ohun tuntun ju ọmọ ilé tí owó wọn kò tó ti àárín lọ? Àwọn olùwádìí wo ọmọ tó mọ ìṣirò dọ́gba láti kékeré, àlàfo ńlá ṣì wà láàárín wọn. Ohun tó ń mú ọmọ ronú iṣẹ́ kan ni kó ti rí ẹni tó ń ṣe é. Ọmọbìnrin tó dàgbà níbi tí obìnrin ti ń pilẹ̀ nǹkan ló ń tẹ̀ lé wọn.

Ṣé o mọ̀ pé Raj Chetty àti ikọ̀ rẹ̀ wo okùn ọ̀rẹ́ tó tó bílíọ̀nù 21 lórí Facebook, tí èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2022? Wọ́n rí i pé bí ọmọ tálákà bá dàgbà níbi tí òun àti ọmọ olówó ti ń ṣọ̀rẹ́ bí ọmọ olówó ṣe ń bá ara wọn ṣe é, owó tó máa rí lágbà á fi ìdá 20 nínú 100 ròkè. Ọ̀rẹ́ yìí wà lára ohun tó lágbára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n wò.

Ní 2018, àjọ OECD ṣírò iye ìran tí ìdílé tó wà nísàlẹ̀ pátápátá máa lò kó tó rí owó tó dé àárín. Denmark: ìran 2. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà: 5. Brazil àti Gúúsù Áfíríkà: 9. Colombia: 11. Lójú tèmi, ìjọba ló fà á tí iye náà fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ èèyàn kò yàtọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ní Kingston, Jamaica, lọ́dún 1986 sí 1987, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé àwọn ọmọ ọwọ́ tí ebi kò jẹ́ kí wọ́n dàgbà tó? Wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún méjì, wọ́n ń kọ́ ìyá bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ṣeré, bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohun ìṣeré tí wọ́n fọwọ́ ṣe. Lẹ́yìn 20 ọdún, owó tó ń wọlé fún àwọn ọmọ náà fi ìdá 25 nínú 100 ju ti ẹgbẹ́ wọn tí wọn kò bẹ̀ wò lọ.

Ní 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Stephen Awókọ̀yà ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Awólọ́wọ̀ tó ṣẹ́gi ni olórí ìjọba. Iye ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún 1954 dé òkè 811,000 lọ́dún kan péré. Àwọn aráàlú kan bínú nítorí owó orí tí wọ́n fi kún un, ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, Action Group, sì pàdánù ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 ní agbègbè wọn. Wọn kò yí ohùn padà. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí lónìí, orí àga tí wọ́n kàn lọ́dún yẹn ni bàbá tàbí ìyá wa kọ́kọ́ jókòó sí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò jìnnà sí wa rárá. Leonard Wantchekon àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tọpa àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ní Benin nígbà àwọn amúnisìn, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Àwọn tó ń gba ọmọ wọlé nígbà náà kò mọ ẹni tí wọ́n ń mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé orí ló yàn wọ́n. Àwọn ọmọ náà rí ayé gbé ju ẹgbẹ́ wọn lọ, ọmọ wọn náà rí i gbé. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò wọn náà jẹ nínú rẹ̀? Ẹni tó kàwé ló ń san owó ilé ìwé wọn. Ó tún kọjá ẹbí: ní abúlé tí ilé ìwé wà, ọmọ àwọn tí kò kàwé rárá ṣe dáadáa ju ọmọ abúlé tí kò ní ilé ìwé lọ, nítorí pé àwọn òbí wọn ti rí ẹni tó kàwé nítòsí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tiwọn. Ìmọ̀ ọ̀nà àti èèyàn, ohun méjèèjì tí ilé olówó ń fún ọmọ, ẹni tí kì í ṣe bàbá ọmọ lè fún un.

Nítorí náà, ìwọ tí o wà nídìí iṣẹ́ tó dára, ọ̀rọ̀ kàn ọ́. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti wà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti lọ kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì, o sì mọ bó ṣe ń lọ: ọmọ ẹni tí a mọ̀ ló ń dé ilé iṣẹ́ ńlá, ọmọ ẹni tí a kò mọ̀ ń ṣe fọ́tókópì ní ẹ̀gbẹ́ títì. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wá wáyè SIWES lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí, mú ọ̀kan nínú àwọn tí kò mú lẹ́tà ẹnikẹ́ni wá. Fún un ní iṣẹ́ gidi ṣe, jẹ́ kó jókòó tì ọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣèpàdé, fi bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ hàn án, kí o sì fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ kó tó lọ.